Ẹsẹ̀ Tí Ó Kọjú Sẹ́yìn

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá ohun gbogbo bí Ó ti fẹ́. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú ẹ̀sìn, ẹranko kan wà ní Ọsirélíà tí wọ́n ń pè ní echidna. Ẹ̀gún bò ó lára bí òòrẹ̀. Ẹyin kan ṣoṣo ni ó ń yé sínú àpò tó wà níkùn rẹ̀. Bí ó bá sì pa ẹyin náà tán, ọmú ni ó ń fún ọmọ.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó yà mí lẹ́nu jù. Èékánná tiwájú le, òun ni ó fi ń tú ilé ikán. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì kọjú sí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i yóò rò pé ó ti rọ́ lẹ́sẹ̀. Kò rọ́ rárá. Bí ó bá ń gbẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀ yẹn ni ó fi ń ti erùpẹ̀ kúrò. Èékánná gígùn kan tún wà ní ìka kejì rẹ̀, tí ó fi ń họ ara láàárín ẹ̀gún.

Ọmọkùnrin kan wà ní ilé-kéú wa tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yí sínú láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sín ìrìn rẹ̀ jẹ. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò wá mọ́. Àwọn tó ń kọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun ni wọ́n lé e kúrò níbẹ̀!

Mi ò sọ pé ẹsẹ̀ ọmọ náà dà bíi ti ẹranko yìí. Bí dókítà bá lè tún un ṣe, ká gbé e lọ. Ṣùgbọ́n Ẹlẹ́dàá kan náà ló dá àwọn méjèèjì, Sùúrà Al-Hujurāt sì kọ̀ fún wa láti máa fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí àwọn sàábé rẹ́rìn-ín nítorí ojúgun tínínrín Abdullah ọmọ Mas'ud, Ànábì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹsẹ̀ yẹn yóò wúwo ju òkè Uhud lọ lórí òṣùwọ̀n.

Ẹ̀yin òbí, ẹ bi àwọn ọmọ yín léèrè ẹni tí wọ́n ń fi ṣẹ̀sín. Ní ọjọ́ Sátidé, èmi àtàwọn ọmọ kíláàsì náà yóò lọ bẹ̀ ẹ́ nílé wọn. Kí Ọlọ́hun bá wa ṣọ́ ahọ́n wa. Àmín.