Oko Kòkó Tí Bàbá Mi Fi Dógò

Ọdún 1960, tí mo wà ní pírámárì síìsì, ni bàbá mi fi oko kòkó rẹ̀ dógò. Ìyá rẹ̀ ló kú, ìnáwó òkú kò sì kéré láyé ìgbà náà. Ojú mi ni olówó ṣe ka pọ́n-ùn 40 sílẹ̀ lórí ẹní. Kò sí ìwé kankan. Ẹlẹ́rìí méjì àti obì, ó parí.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ bí ògò ṣe rí. Èso tí olówó bá ká, èlé ni. Kò dín kọ́bọ̀ kù nínú gbèsè. Bó fi ogún ọdún ká a, pọ́n-ùn 40 ṣì wà lọ́rùn bàbá mi. Bó ṣe di ẹni tó ń gba ẹ̀gbẹ́ oko ara rẹ̀ kọjá lọ ṣe lébìrà lóko olóko nìyẹn. Nígbà ìkórè, a ó máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ́ kòkó wa, gbì, gbì. Bí wọ́n bá fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún bí ọjọ́ mẹ́fà kó lè kan, òórùn rẹ̀ a dé ojú ọ̀nà. Bàbá mi a sì yára ẹsẹ̀.

Ṣé kòkó kò lówó lórí ni? Ó lówó lórí. Láti 1947 ni bọ́ọ̀dù ìjọba tó ń ra kòkó nígbà náà ti ń dá iye tí àgbẹ̀ máa gbà, iye tí wọ́n ń tà á lókè òkun sì sábà máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. N kò ní purọ́, nínú owó kòkó ni ìjọba ti rí èyí tó fi rán mi nílé ìwé ọ̀fẹ́ ní 1955. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀ n'Ìbàdàn, tí wọ́n fi owó kòkó kọ́, tí wọ́n sì parí ní 1965, mo ka àjà rẹ̀ títí ọrùn fi ń ro mí. Mo ń wá èyí tó jẹ́ ti oko wa.

Ìyá mi ló gba oko náà padà. Etí odò, níbi tí ọwọ́ olówó kò dé, ló gbin ẹ̀gẹ́ sí, pẹ̀lú kókò àti ẹ̀fọ́ díẹ̀. Owó gàrí ló fi ń dá èésú pẹ̀lú obìnrin mọ́kànlá lọ́jọọjọ́ ọjà, fún ọdún mẹ́fà. Ṣílè ló pọ̀ jù nínú igbá tó gbé ka iwájú olówó. Ó ní kó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Kò pẹ́ tí owó orí fi le mọ́ wa, ni Àgbẹ̀kọ̀yà, ìṣọ̀tẹ̀ àwọn àgbẹ̀, bá bẹ̀rẹ̀ ní 1968. Tafa Adeoye ará Àkànrán wà níwájú wọn. Lọ́dún kejì wọ́n fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, ìjọba sì dín owó orí kù sí pọ́n-ùn 2. Ọ̀nà oko wà lára ohun tí wọ́n bèèrè.

Ọ̀nà tiwa dé nígbà tó pẹ́. Ọkọ̀ tó kọ́kọ́ gbà á kì í ṣe ti kòkó, lọ́rì agégẹdú ni. Wọ́n ní ìwé wà lọ́wọ́ àwọn. Wọ́n gé ìrókò méjì tó ń ṣíji bo kòkó wa. Oòrùn bá wọlé, ewé kòkó ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Ìyá mi gbé apẹ̀rẹ̀, ó lọ ṣa èèpo àti ẹ̀ka wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi sílẹ̀. Òun ló fi yan gàrí ọ̀sẹ̀ náà.