Ohun Ìṣeré tí ó Fẹ́rẹ̀ẹ́ Gba Ẹ̀mí

Ohun ìṣeré ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí a ń fi rédíò darí láti ilẹ̀. Síbẹ̀, mo ti rí èyí tí ó wúwo tó kílò 3, tí abẹ̀bẹ̀ iwájú rẹ̀ sì ń yí ju ìgbà 10,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Bí irú abẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá kan ọwọ́ ènìyàn, yóò gé e bí àdá ti í gé ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ní ọdún 2005, mo lo ìsinmi lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọjọ́ Sátidé kan, òun àti ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà, mú mi lọ sí pápá tí àwọn tí ń fi ọkọ̀ yìí ṣeré ti ń péjọ. Pátákó kan wà ní ẹnu ọ̀nà, a sì to àwọn igi kéékèèké tí a fi ń há aṣọ mọ́ okùn sí ara rẹ̀, oníkálukú pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi mú nọ́ńbà 64, ó fi há àpò ẹ̀wù rẹ̀.

Ọmọ náà bèèrè pé, “Dádì, kí ni igi yìí wà fún?”

Ó dáhùn pé, “Ọmọ mi, òun ni àṣẹ. Nọ́ńbà yìí ni ọ̀nà tí rédíò mi ń gbà bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀. Bí ẹlòmíràn bá tan rédíò sí ọ̀nà kan náà, ọkọ̀ kò ní mọ ti ẹni tí yóò gbọ́. Ẹni tí igi kò bá sí lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ tan rédíò.”

Ọkọ̀ náà gbéra, ó ń rà bàbà lókè bí àṣá. Lójijì, ó gbọ̀n, ó dorí kodò, ó sì kọjú sí wa. Ẹ̀gbọ́n mi ń ti ọ̀pá ìdarí sọ́tùn-ún sósì, ṣùgbọ́n pàbó ni ó já sí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́: bàbá arúgbó kan nínú wọn kígbe pé kí gbogbo wa dọ̀bálẹ̀. Ọmọ náà jókòó sórí àga rẹ̀, ó la ẹnu sílẹ̀, ó ń wo ọkọ̀ tí ń bọ̀. Mo fà á mọ́ra, mo sì ṣubú sórí koríko pẹ̀lú rẹ̀. Bí a ti kan ilẹ̀ ni ọkọ̀ náà kọlu àga yẹn, ó sì fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́.

Ọkùnrin kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni ó tan rédíò rẹ̀ lẹ́bàá mọ́tò kí ó tó dé ibi pátákó. Nọ́ńbà 64 ni tirẹ̀ náà. Ẹ̀gbọ́n mi kò bú u. Ó kàn na igi kékeré náà sí i. Gbogbo ara ọkùnrin náà ń gbọ̀n.

Lóde òní, àwọn rédíò tuntun ti mú irú ewu yìí dínkù, nítorí pé ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan mọ rédíò tirẹ̀ bí ajá ti í mọ ohùn olówó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò tíì gbó. Kékeré ni abẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, bí a bá ní kí ẹ má ṣe tan iná nínú yàrá sáyẹ́ǹsì kí olùkọ́ tó dé, ẹ má ṣe pe òfin náà ní ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ. Orí a máa yọ ènìyàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń pa òfin mọ́ ni ó ń ran orí rẹ̀ lọ́wọ́.