Ọgọ́ta Ẹyin Màmá Ìbà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé adìyẹ kò gbọ́n, ẹ ní kí ó wá rí mi ní Òkòkòmáíkò. Ọjọ́ 21 ni àgbébọ̀ fi ń sàba lé ẹyin, kò ka ìwé, kò lo iná, kò sì pe oníṣẹ́ kankan. Èmi tí mo parí ilé-ẹ̀kọ́ girama, tí mo ń fi kálàmù jẹun, ojú mi rí màbo lórí ọgọ́ta ẹyin.

Owó oṣù oníwèé ìròyìn kì í bá oṣù dé òpin. Ìdí nìyẹn tí èmi àti ìyàwó mi fi ra òkú fíríìjì kan, tí a sọ ọ́ di ẹ̀rọ tí ń bá adìyẹ sàba. Ínkúbétọ̀ ni àwọn olóko adìyẹ ń pè é. Gílóòbù mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀ fún ooru, fáànù kékeré kan ń fẹ́ ooru náà kiri, abọ́ omi kan sì wà nísàlẹ̀ kí inú rẹ̀ má baà gbẹ jù. Tẹmósítáàtì ni ọ̀gá gbogbo wọn. Bí ooru bá ti dé 37.5 lórí òṣùwọ̀n Celsius, yóò pa gílóòbù. Bí ó bá lọ sílẹ̀, yóò tún un tàn. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tòní o. Àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ ti ń fi ààrò bá adìyẹ sàba, ará Họ́láńdì kan, Cornelis Drebbel, tó kú ní 1633, sì ti ṣe irú ohun tí ń ṣọ́ ooru bẹ́ẹ̀ fún ẹyin.

Màmá kan láti Ìbà ló gbé ọgọ́ta ẹyin wá. Adìyẹ ìbílẹ̀ tirẹ̀ ló yé wọn.

"Ọmọ mi, bá mi sọ wọ́n di òròmọdìyẹ o. Bí wọ́n bá dàgbà, owó wọn ni n ó fi kún owó iléèwé ọmọ-ọmọ mi ní LASU."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mà," ni mo wí.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án ni tẹmósítáàtì àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Mo bá kọrí sí Àlàbá ní Ọ̀jọ́, mo ra tuntun, irú èyí tí nọ́ńbà pupa ń tàn lójú rẹ̀, tí wọ́n ní ó ní làákàyè. Ọmọkùnrin kan tí ń tún fíríìjì ṣe níbẹ̀ bá mi wá sílé, ó so wáyà, ó tẹ 37.5 sí i.

"Ó ti parí, Bàbá." Ó gbowó, ó wọ kòrópe, ó lọ.

Nọ́ńbà ní 31.2. Gílóòbù kò tàn. Mo ní bóyá wọ́n ti jó, mo pààrọ̀ wọn. Òkùnkùn. Mo ní bóyá NẸ́PÀ ni (ẹnu wa ò tíì kọ orúkọ yẹn sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti kú láti 2005), ṣùgbọ́n fáànù ń fẹ́ fìì. Mo yọ gílóòbù kan, mo so ó mọ́ iná tààrà, ó tàn yòò. Nọ́ńbà ti di 30.4. Ilẹ̀ sì ti ṣú.

Ìyàwó mi ló gbé omi kaná. A rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, a tò wọ́n ti ẹyin. 33. 35. 37. Bó ṣe di 37.6 báyìí, pà! Gílóòbù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tàn. A hó yèè. Mo ní òtútù ló kàn mú ẹ̀rọ náà tẹ́lẹ̀. A lọ jẹun.

Ẹ̀bà kò tíì tán lójú abọ́ tí ọmọ mi obìnrin fi kígbe: "Dádì, ó ti di 41 o!"

Gílóòbù ṣì ń tàn kanrin. Mo fa wáyà yọ, mo ṣí ilẹ̀kùn, mo jókòó sórí ilẹ̀. Nígbà tí ó tutù, kò tan iná. Nígbà tí ó gbóná, ó tan iná. Ta ní ń ṣiṣẹ́ báyẹn? Fíríìjì ni! Fíríìjì a máa sinmi bí inú rẹ̀ bá tutù, a sì máa ṣiṣẹ́ bí ó bá gbóná. Iṣẹ́ tí ọmọ yẹn mọ̀ ló ṣe fún mi.

Mo lọ tú páálí tẹmósítáàtì náà. Bébà pélébé kan wà nínú rẹ̀ tí n kò tilẹ̀ wò, èmi tí mò ń bínú sí àwọn tí kì í ka ìwé ìròyìn. Ó wà níbẹ̀ kedere: ẹ tẹ bọ́tìnì mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún, C ni ti òtútù, H ni ti ooru. C ló wà. Mo yí i sí H, ó sì gbọ́ràn.

Kò tán síbẹ̀ o. Ní ọjọ́ kejì, nọ́ńbà ní 37.5, tẹ̀mómítà tí mo fi lé orí ẹyin ní 35. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ̀rọ náà fi ń mọ ooru ni ọmọkùnrin yẹn fi kọ́ ẹ̀gbẹ́ gílóòbù gan-an, ìyẹn ni pé ẹni tó jókòó ti iná ló ń bá gbogbo ilé sọ pé ara òun ti móoru. Mo sún un lọ sí àárín, ní ìbú ẹyin, ó jìnnà sí gílóòbù. Àwọn méjèèjì wá ń sọ ohun kan náà.

Ní òru ọjọ́ yẹn, a pa iná yàrá, a ń fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹyin níkọ̀ọ̀kan. Èyí tó wà láàyè, iṣan pupa á ta káàkiri nínú rẹ̀ bíi gbòǹgbò igi, ohun dúdú kékeré kan á sì máa mì. Èyí tó ti kú kì í mì. Méje kò ní nǹkan nínú láti ìbẹ̀rẹ̀. Ti àkùkọ nìyẹn, kì í ṣe tèmi. 22 ti kú. 31 ló kù.

Mo ní ká dákẹ́ títí di ọjọ́ 21, ta ló máa mọ̀? Ìyàwó mi kàn wò mí. Ní àárọ̀, mo gba Ìyànà-Ìbà lọ bá Màmá. Mo dọ̀bálẹ̀, mo rò ó fún un bó ṣe rí. Wọn kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

"Mélòó ló kù?"

"Mọ́kànlélọ́gbọ̀n, mà."

"Lọ máa ṣọ́ wọn."

Òròmọdìyẹ 28 ló jáde. Mo tò wọ́n sínú páálí tí mo lu ihò sí, mo sì fi owó àwọn 25 tó kú sínú àpòòwé. Màmá ka adìyẹ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ka owó náà pẹ̀lú, wọ́n fi ṣẹ́tí ìró. Mo ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ọ̀nà ilé nígbà tí wọ́n gbé ojú sókè.

"Ọjọ́ wo ni kí n gbé òmíràn wá?"