Òdòdó Rọ́bà Nínú Àgò Odídẹrẹ́

Ọdún 1991 ni baba wa ra odídẹrẹ́ tí ó wà nílé wa ní Kraké. Ọwọ́ ọkùnrin kan tí ó ń ti Nàìjíríà bọ̀ ni ó ti rà á, lẹ́bàá títì tí ó lọ sí ẹnu ibodè. Ẹnikẹ́ni kò bèèrè ìwé lọ́wọ́ ẹni tí ó tà á, wọn kò sì bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó rà á. Ọmọdé ni wá nígbà náà. Baba wa ti dágbére fún ayé, ṣùgbọ́n ẹyẹ rẹ̀ ṣì wà. Bí ènìyàn bá ti ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, ohùn baba wa gan-an ni ó fi ń bèèrè pé, "Ta nìyẹn?" Àwọn àlejò kan ti kúnlẹ̀ kí i rí, kí wọn tó mọ̀ pé ẹyẹ ni.

Nígbà ọdún Kérésìmesì kan tí kò tíì pẹ́ púpọ̀, àwọn ọmọ wa ní àgò ẹyẹ náà ti gbẹ jù. Wọ́n kó owó jọ, wọ́n sì ra òdòdó rọ́bà wá láti ọjà ní Àjàṣẹ́: ewé tútù yọ̀yọ̀, òdòdó pupa bí ìkóóde. Wọ́n fi í yí irin àgò ká. Ó wù wá púpọ̀. A tilẹ̀ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí wa ní Èkó. Gbogbo àwa àgbà tí a wà nílé, tí a tún ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé, kò sí ẹni tí ó rántí pé ohun tí ó bá wọ inú àgò, ẹnu ẹyẹ ni yóò bá a lọ.

Ní ọjọ́ kẹta, a ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, a kò gbọ́ "Ta nìyẹn?" Odídẹrẹ́ ká gúlútú sórí igi, ìyẹ́ rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ ń pa dé. Ìgbẹ́ rẹ̀ dà bí omi ewé. Oúnjẹ tí ó jẹ, ó ń pọ̀ ọ́. Nígbà tí a wo ìsàlẹ̀ àgò, a rí ewé rọ́bà tí ó ti gé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Igi òdòdó náà sì rèé, ó ti bó o títí ó fi kan wáyà. A kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé wáyà wà nínú rẹ̀.

Dókítà ẹranko tí a pè kò fi ọ̀rọ̀ gùn. Ó ní ohun tí wọ́n fi bo irú wáyà bẹ́ẹ̀ kí ó má baà dípẹtà, síńkì ni lọ́pọ̀ ìgbà, májèlé ni síńkì sì jẹ́ fún ẹyẹ bí òjé ti jẹ́ májèlé. Ó gún un lábẹ́rẹ́, ó sì kọ́ wa bí a ó ti máa fi síríńjì tí kò lábẹ́rẹ́ bu ẹ̀kọ tí ó rọ̀ sí i lẹ́nu. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì tí a fi ń ṣe èyí. Láàárín ìgbà náà, ìyá wa kò wọ ẹ̀yìnkùlé. Ó ní òun kò fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn kí òun má gbọ́ nǹkan kan. Odídẹrẹ́ yè é.

Láti ìgbà náà ni a ti ń ṣàkíyèsí ẹnu rẹ̀. Ohun tí ọwọ́ jẹ́ fún wa ni ẹnu jẹ́ fún un: òun ni ó fi ń gun igi, òun ni ó fi ń wádìí ohun tí kò mọ̀. Nínú igbó, ẹyìn ọ̀pẹ wà lára oúnjẹ rẹ̀. Ẹnu tí ó ń ṣe ekùrọ́, kí ni rọ́bà fẹ́ ṣe fún un? Bí kò bá tilẹ̀ sí wáyà, ègé rọ́bà lè dí inú ẹyẹ pa. Èyí tí wọ́n fi aṣọ ṣe kò sàn jù: òwú etí rẹ̀ a máa tú, a máa lọ́ mọ́ ìka ẹsẹ̀ ẹyẹ títí ẹ̀jẹ̀ kò fi ní lè débẹ̀ mọ́. Ìbákà tí ẹnu rẹ̀ kéré pàápàá a máa fa òwú bẹ́ẹ̀, nítorí pé ó ń wá ohun tí yóò fi kọ́ ìtẹ́.

A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni da òdòdó rẹ̀ nù. Ẹni tí ó ní ìbákà tàbí ẹyẹ kékeré mìíràn tí ó sì fẹ́ fi ewé rọ́bà bò ó lára díẹ̀, kí ó lè rí ibi sá pamọ́ sí, kí ó kọ́kọ́ gé igi òdòdó náà wò. Bí wáyà bá wà nínú rẹ̀, kò yẹ àgò. Kí ó fi aṣọ funfun tútù nù ún. Bí aró bá yọ, kò yẹ àgò. Bákan náà ni èyí tí wọ́n lẹ ìlẹ̀kẹ̀ tàbí ohun dídán mọ́ lára. Èyí tí ó bá yege, kí a má ṣe so ó sókè ibi oúnjẹ àti omi, kí a sì máa fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí a ṣàn án dáadáa, nítorí pé ìgbẹ́ ẹyẹ tí ó gbẹ sára ewé a máa hu olú, olú náà a sì máa ba ẹ̀dọ̀fóró ẹyẹ jẹ́. Ní ti odídẹrẹ́ àti ẹyẹ onígbàgbọ̀n, ìta àgò ni tirẹ̀, níbi tí ẹnu kò lè dé.

Ohun tí ó dùn wá jù ni pé Kraké ni a wà. Àgbọn yí wa ká dé etí òkun, ọ̀pẹ wà lẹ́yìn ilé, a sì lọ san owó lórí ewé. Màrìwò ọ̀pẹ ni a ń fún odídẹrẹ́ wa báyìí. Yóò fà á ya láti àárọ̀ di ọ̀sán, inú rẹ̀ a sì dùn. A tún ń gé ẹ̀ka gúrófà fún un, lára igi tí a mọ̀ pé wọn kò fín oògùn sí, a ó sì fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ewé. Píà, tí àwọn ọmọ wa ń pè ní avocat, májèlé ni fún ẹyẹ, àtewé àtèso. Igi tí ń jẹ́ laurier-rose, tí ọ̀pọ̀ fi ń ṣe ọgbà sí ojúde, a kò gbọdọ̀ mú un súnmọ́ àgò rárá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka èyí, ẹ má ṣe tìtorí rẹ̀ lọ ra odídẹrẹ́. Ní ọdún 2016, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú àdéhùn CITES pàdé ní Johannesburg, wọ́n sì gbé e sí ìsọ̀rí kìíní. Láti oṣù kìíní ọdún 2017, kò sí àyè mọ́ láti mú un nínú igbó kí a gbé e kọjá ibodè lọ tà. Ohun tí baba wa ṣe lẹ́bàá títì lọ́dún 1991, àwa kò lè ṣe é, a kò sì fẹ́ ṣe é. Odídẹrẹ́ lè lo ju ọdún 40 lọ lọ́dọ̀ ènìyàn. Àkọ́bí wa ti ń bèèrè ẹni tí yóò jogún rẹ̀ lẹ́yìn wa, a kò sì tíì fún un lésì.

Òdòdó náà wà lórí àpótí ìwé ní pálọ̀. Ní àràárọ̀ Sátidé, àwọn ọmọ a máa gbé àdá lọ sẹ́yìn ilé láti gé màrìwò, bí wọ́n bá sì ti ṣílẹ̀kùn wọlé, odídẹrẹ́ a bi wọ́n pé ta nìyẹn.