Bí Ẹṣin Bá Dá Ni

Àwọn àgbà a máa wí pé bí ẹṣin bá dá ni, a tún un gùn ni. Òwe yìí rọrùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó ṣòro ní ṣíṣe. Nítorí ẹni tí ẹṣin dá ní gbangba ọjà ní ohun méjì láti fara dà: ìrora ara rẹ̀, àti ẹ̀rín àwọn tí ń wò ó. Bí ẹṣin náà bá sì tún dá a lẹ́ẹ̀kejì ńkọ́? Ìbéèrè yìí ni ó wà lọ́kàn wa bí a ti mú kálàmù. Ẹni tí a ó fi ìtàn rẹ̀ wá ìdáhùn lè ya ẹ̀yin òǹkàwé wa lẹ́nu: Alice Cooper ni, olórin rọ́ọ̀kì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọkùnrin tí ń jẹ́ orúkọ obìnrin, tí a ń bẹ́ lórí lójú àwọn òǹwòran, tí ó sì tún ń jáde wá kọrin.

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Vincent Damon Furnier ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí i ní ìlú Detroit, ní ọjọ́ 4 oṣù kejì ọdún 1948. Oníwàásù ni bàbá rẹ̀. Bàbá bàbá rẹ̀ sì wà ní ipò àpọ́sítélì nínú ìjọ wọn. Nígbà tí ó ṣì wà ní èwe, wọ́n kó lọ sí Phoenix ní ìpínlẹ̀ Arizona. Ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Cortez ní ìlú náà, ní ọdún 1964, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bọ́ sórí ìtàgé láti fi àwọn Beatles ṣe yẹ̀yẹ́. Eré ọmọ ilé ìwé ni, ṣùgbọ́n ìyìn tí wọ́n gbà dùn mọ́ wọn, wọ́n sì wá kọ́ bí a ti ń lu ohun èlò orin ní tòótọ́. Glen Buxton, Dennis Dunaway, Michael Bruce àti Neal Smith ni àwọn tí ó bá a dé ibi òkìkí. Ní ọdún 1968 ni wọ́n mú orúkọ náà, Alice Cooper, fún ẹgbẹ́ wọn. Lẹ́yìn náà ni Vincent fi í ṣe orúkọ ara rẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ wọn kò dára. Àwo orin méjì àkọ́kọ́ kò tà. Ní ọdún 1969, ní ibi àjọ̀dún orin kan ní Toronto, adìyẹ kan dé orí ìtàgé. Vincent, ọmọ ìlú ńlá tí kò mọ̀ pé adìyẹ kì í fò jìnnà, jù ú sókè sí àwọn òǹwòran. Àwọn ènìyàn sì fà á ya. Ní ọjọ́ kejì, àwọn ìwé ìròyìn kọ ọ́ pé òun ni ó gé orí adìyẹ náà jẹ. Frank Zappa, tí ó ń gbé àwo orin wọn jáde nígbà náà, gbà á nímọ̀ràn pé kí ó má ṣe sẹ́ ẹ. Irọ́ tí a kò sẹ́ ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́ di olókìkí.

Láti ìgbà náà ni ó ti mọ̀ pé ojú ń jẹ orin bí etí ti ń jẹ ẹ́. Ó kun tìróò yí ojú rẹ̀ ká, ó fi ejò ńlá kọ́ ọrùn, ó ṣe ọ̀daràn lórí ìtàgé, a sì ń so ó kọ́ lórí igi fún ìwà ọ̀daràn náà. Ní ọdún 1973, ẹ̀rọ ìbẹ́rí rọ́pò okùn. Àwa tí a bí ní ilẹ̀ tí eégún apidán ti ń di òjòlá lójú agbo kò gbọ́dọ̀ pe irú eré bẹ́ẹ̀ ní àjèjì. A mọ̀ pé ènìyàn wà lábẹ́ agọ̀. Kí a sì kíyè sí i pé nínú eré Cooper, ọ̀daràn kì í lọ láìjìyà.

Orin rẹ̀ tí ó kan àwa olùkọ́ jù lọ ni èyí tí ó jáde ní ọdún 1972, “School’s Out”, orin ayọ̀ pé ilé ẹ̀kọ́ ti parí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Mary Whitehouse, obìnrin kan tí ń jà fún ìwà rere, bẹ BBC pé kí wọ́n má ṣe lò ó mọ́. Orin náà gun orí òkè pátápátá ní ilẹ̀ náà, Cooper sì fi òdòdó ránṣẹ́ sí obìnrin náà láti dúpẹ́. Àwa kò bínú sí orin yìí. Ta ni nínú wa tí kò tíì gbọ́ bí àwọn ọmọ ti ń fi tábìlì ṣe ìlù ní ọjọ́ tí sáà parí? Bí a bá sì fẹ́ sọ òtítọ́, olùkọ́ tí ń ka máàkì nínú yàrá kejì náà ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ní ọdún 1973, àwo orin “Billion Dollar Babies” gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò pẹ́ tí ẹgbẹ́ náà fi tú ká. Ní ọdún 1975 Cooper nìkan gbé “Welcome to My Nightmare” jáde; ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ó fẹ́ Sheryl Goddard, ọ̀kan nínú àwọn oníjó eré náà. Lójú ayé, ohun gbogbo dára. Ṣùgbọ́n ohun tí ń pa ọkùnrin náà kò sí lórí ìtàgé. Ẹ̀rọ ìbẹ́rí kò gé e; ìgò ni ó ń gé e. Láti àárọ̀ ni ó ti ń mu ọtí. Ní ọdún 1977 wọ́n gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ ní ìpínlẹ̀ New York. Nígbà tí ó jáde, ó fi ohun tí ojú rẹ̀ rí níbẹ̀ ṣe àwo orin “From the Inside” ní ọdún 1978. Gbogbo ènìyàn ní, ó ti bọ́.

Kò tíì bọ́. Ó padà sínú ọtí, ó sì fi oògùn olóró kún un. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ó gbé àwọn àwo orin jáde tí òun fúnra rẹ̀ ti sọ pé òun kò rántí bí òun ti ṣe díẹ̀ nínú wọn. Ní ọdún 1983 ìyàwó rẹ̀ gba ilé ẹjọ́ lọ láti kọ̀ ọ́, ó sì tún wọ ilé ìwòsàn. Ìgbà kejì yìí ni ó jáde tí kò padà sí i mọ́. Ìyàwó rẹ̀ fà á mọ́ra. Ní ọdún 1986 ó padà sórí ìtàgé pẹ̀lú “Constrictor”. Ní ọdún 1989 orin “Poison” gba ipò kejì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ipò keje ní Amẹ́ríkà. Ó padà sínú ìgbàgbọ́ ilé bàbá rẹ̀. Ó fi eré gọ́ọ̀fù dípò ìgò. Ní ọdún 1995 ó wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ Solid Rock sílẹ̀ ní Phoenix, níbi tí a ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní orin àti ijó lọ́fẹ̀ẹ́. Ọkùnrin tí ó kọrin pé ilé ẹ̀kọ́ ti parí ti wá ṣí ilé ẹ̀kọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ìdí tí ìtàn yìí fi dùn wá. Ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí a ti ṣiṣẹ́ rí, olùkọ́ orin kan wà tí ó lè mú ọmọ tí kò ní ohùn kọrin. Ọtí mú un. A lé e. Ó tọ́jú ara rẹ̀. A gbà á padà. Lẹ́yìn sáà méjì ó tún ṣubú. Nígbà tí ó tún padà wá, tí ojú rẹ̀ mọ́, tí ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n mọ́, ìgbìmọ̀ jókòó lé ọ̀rọ̀ rẹ̀. Alàgbà kan wí pé, “A ti dárí jì í lẹ́ẹ̀kan, ó tó.” A sọ tiwa, ṣùgbọ́n àwa tí ó wà lápá rẹ̀ kò pọ̀. Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ọkùnrin náà kò mu ọtí mọ́ títí ó fi kú. Ṣùgbọ́n kò tún kọ́ ọmọ kankan ní orin.

A kò wí pé kí a fi kíláàsì sí ọwọ́ ọ̀mùtí. Àwọn ọmọ ni a kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ dáàbò bò. A kò sì wí pé gbogbo ẹni tí ó ṣubú ni yóò dìde. Ohun tí a wí ni pé ìpadàbọ̀ àkọ́kọ́ kì í fi ìgbà gbogbo jẹ́ èyí tí yóò dúró. Bí a bá ti pa ìwé Cooper dé ní ọdún 1982, a ó ti kọ sí i pé, “Ó gbìyànjú, kò lè ṣe é,” a ó sì ti parọ́ mọ́ ọn. Ní ọdún 2025, ẹni ọdún 77, òun àti àwọn tí ó kù nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́ tún gbé àwo orin jáde papọ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún 1973. Glen Buxton kò sí láàrin wọn. Ó ti kú ní ọdún 1997.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀tún yín rẹ̀ kí òsì tó rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́, bí ẹṣin bá dá yín, ẹ wo ohun tí ó dá a dúró lójijì, ẹ gbá erùpẹ̀ kúrò lára, kí ẹ sì tún un gùn.