Iná Ọ́ìlì Kì Í Tètè Sọ̀rọ̀

Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ti gírámà. Ti ọkọ̀ ni.

Bọ́ọ̀sì Volkswagen ni bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi nígbà tí wọ́n dolóògbé, ti ọdún 1978, irú èyí tí ará Èkó sọ di dánfó. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, kò ní rédíétọ̀, afẹ́fẹ́ ni ó ń tù ú lára. Lítà méjì àbọ̀ ọ́ìlì péré ni ó ń gbà, ọ́ìlì yìí kan náà sì ń bá afẹ́fẹ́ gbé ooru kúrò lára irin. Síbẹ̀, àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ náà kò fi ohun kan síwájú awakọ̀ tí yóò máa ròyìn ọ́ìlì fún un, àfi iná kékeré kan.

Iná yẹn ni mo gbẹ́kẹ̀ lé títí di ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì nọ́ọ̀kì mọ́ mi lọ́wọ́ nítòsí Ìkirè. Iná tàn, mo ń wá ibi tí n óò yà sí, ariwo irin ti gba ọkọ̀ kan. Èmi a máa bú iná náà, àfi ìgbà tí mo kà nípa rẹ̀. Ìfúnpá ọ́ìlì gbọ́dọ̀ wálẹ̀ sí nǹkan bí 2 sí 6 psi kí ó tó tàn. Bẹ́ẹ̀, ohun tí àwọn tí ó mọ ẹ́ńjìnnì yìí máa ń wí ni pé kí ó tó 10 psi fún ẹgbẹ̀rún kan yíyí ní ìṣẹ́jú. Bí ó bá ń yí 3,000, kí ó tó 30. Bí ó bá wá já sí 10 lórí eré, ẹ́ńjìnnì ń kú lọ, iná kò ní fọhùn.

Mo wí bẹ́ẹ̀ fún bàbá mẹkáníìkì tí ó tún un ṣe. Ó wò mí títí.

“Ọ̀gá tíṣà, ìfúnpá wo? Ṣé oògùn lẹ fẹ́ so mọ́ ẹ́ńjìnnì ni? Ẹ sọ pé ọ́ìlì kò gòkè.”

A ti jókòó ìpàdé lórí ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ títí, ọ̀rọ̀ sì wà lábẹ́ igi máńgòrò níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe!

Bàbá kò fẹ́ gééjì rárá. Etí rẹ̀ ni gééjì tirẹ̀. Mo ní, “Bàbá, etí yín kò bá mi lọ sí Ìbàdàn.” Ó rẹ́rìn-ín, ó gbà. Gééjì tí ọ̀pá tín-ín-rín ń gbé ọ́ìlì gbígbóná wá sí iwájú kò bá mi lára mu: láti ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì dé ọ̀dọ̀ awakọ̀ jìn, bí ọ̀pá bá sì já, ẹsẹ̀ mi ni yóò dà sí. Èyí tí ó ń lo wáyà ni mo mú, ọ̀kan fún gígòkè ọ́ìlì, ọ̀kan fún ìgbóná rẹ̀. Èyí tí a ń so òrùka rẹ̀ sábẹ́ púlọ́ọ̀gì kí ó máa wo ìgbóná orí sìlíńdà ìbá dára púpọ̀, nítorí ooru ibẹ̀ máa ń yára gùn ju ti ọ́ìlì lọ. Owó kò tó.

A so gééjì mọ́ ọn. A kò tíì tan ẹ́ńjìnnì, abẹ́rẹ́ ti gòkè dé òpin! A tan án, abẹ́rẹ́ ń wálẹ̀. Bí mo ṣe ń tẹ iná mọ́ ọn ni ó túbọ̀ ń wálẹ̀. Bàbá ní ayé ti yí padà. Ẹni tí ó tà á fún mi ti fi sẹ́ńsọ̀ irú ti Amẹ́ríkà, tí ó bẹ̀rẹ̀ láti 240 ohm tí ó ń já sí 33, pọ̀ mọ́ gééjì irú ti Jámánì, tí ó ń retí 10 tí yóò gòkè sí 180. Ojú wọn jọra. Èdè wọn kò jọra. Mo tún owó ná sórí sẹ́ńsọ̀ tí ó bá a mu, èyí tí ó ní ẹnu méjì, kí iná àtijọ́ náà má bàa kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí mo tún kọjá ní Ìkirè, abẹ́rẹ́ wà lórí 34. Mo dúró ra dòdò, abẹ́rẹ́ sì já sí 9 níbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń rọra ṣiṣẹ́. Àyà mi já. Mo pe bàbá lórí fóònù.

“Ó ń sinmi ni,” ó ní. “Ẹ jẹ dòdò yín.”