Kí Igógo tó dé

Lọ́dún 1968 ni wọ́n dá mùsíọ́ọ̀mù ìlú Ọ̀wọ̀ sílẹ̀, kí àwọn ohun àtijọ́ tó wà láàfin Ọlọ́wọ̀, ọba ìlú náà, lè rí ibi tó dáa gbé. Lẹ́yìn náà, ní 1971, awalẹ̀pìtàn Ekpo Eyo wa ilẹ̀ ní Ìgbó Lájà ní Ọ̀wọ̀, ó sì hú àwọn ère alámọ̀ tó ti tó nǹkan bí ẹgbẹ̀ta ọdún jáde: orí èèyàn lóríṣiríṣi, àní ẹkùn tó gbé ẹsẹ̀ èèyàn há ẹnu! Àwọn kan jọ iṣẹ́ Ifẹ̀, àwọn kan sún mọ́ ti Ìbíní.

Ṣùgbọ́n ìtàn Ọ̀wọ̀ kò sí nínú mùsíọ́ọ̀mù nìkan; ó wà nínú ọdún ìlú náà pẹ̀lú.

Lóṣù kẹsàn-án, ìlú á ṣe ọdún Igógo láti fi rántí Orónsẹn, aya Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹ́ngẹ̀jẹ̀n. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lu ìlù. Agogo ló ń dún. Ọba fúnra rẹ̀ á dirun, á múra bí obìnrin, iyùn á kún ọrùn rẹ̀.

Nítorí pé mùsíọ́ọ̀mù àti ọdún yìí jọ ń sọ ìtàn ìlú kan náà, ó yẹ kí àwọn olùkọ́ Ọ̀wọ̀ àti agbègbè Ọ̀sẹ́ nítòsí kó ọmọ lọ sí mùsíọ́ọ̀mù náà kí ọdún tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì pe àwọn àgbà ìlú wá bá wọn sọ ìtàn níbẹ̀.